Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Èsì

 

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà wo àpótí tó ń sọ̀rọ̀ yìí títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ẹ bá kí i, kò ní dá yín lóhùn. Bí ẹ bá bú u, kò gbọ́. Bí ó bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ yín nínú, ẹ kò rí ibi gbà fún un lésì, àfi kí ẹ pa á.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí ẹ̀rọ mìíràn tó dé lẹ́yìn rédíò. Ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Fóònù ọwọ́ ni, pẹ̀lú àwọn ojúde tí àwọn ènìyàn ń pàdé sí nínú rẹ̀: Facebook, WhatsApp, YouTube, àti Twitter tó di X ní ọdún 2023. A kò sọ ti eré tí àwọn ọmọ ń fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, àti ọ̀rọ̀ ìpolongo. A fẹ́ mọ bí àwọn olówò, àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi í polówó àti bí wọ́n ṣe ń fi í tọ́jú orúkọ wọn. A sì fẹ́ mọ ohun tí ojú wọn rí nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ọjà wa. Ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ ní àárọ̀ kùtù ń kígbe ọjà rẹ̀. Ìpolówó ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ kò jìnnà sí i. Bí ẹ̀kọ àná bá kan, oníbàárà á pè é lójú gbogbo èrò pé, "Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ yín àná kan o!" Ìyá náà kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Á dúró, á bẹ̀bẹ̀, bóyá á tilẹ̀ fi ẹ̀kọ méjì ṣe ètùtù. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọjá lọ láìdáhùn, kí òun tó dé ìdí igi ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ kíkan ti ṣáájú òun débẹ̀.

Báyìí ni ìpolówó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀.

Nígbà tí ọjà wá di ńlá, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ wà ní ìlú òkè òkun, ẹni tó ń fi ọṣẹ wẹ̀ wà ní abúlé. Wọn kò mọ ara wọn. Ìgbà yẹn ni ìpolówó yí padà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1922, ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan tó ní ilé láti tà san owó fún ilé iṣẹ́ rédíò WEAF. Wọ́n fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ bí ilé rẹ̀ ṣe dára tó. Ìyẹn wà lára àwọn ìpolówó àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sanwó fún lórí rédíò. Níhìn-ín, Radio Cotonou bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1953, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey lábẹ́ àwọn Faransé. Ní ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò kékeré onítiransístọ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń fi òkúta bátìrì ṣiṣẹ́. Rédíò bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀lé àgbẹ̀ wọ oko.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kò lè bú rédíò. Ẹni kan kì í bú ìkòkò tó ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹni tó lówó ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó rédíò, ẹni tí kò lówó ń gbọ́. Bí ọṣẹ tí wọ́n polówó bá bó ara ọmọ yín, ta ni ẹ fẹ́ sọ fún? Ẹ ó sọ fún aládùúgbò, ọ̀rọ̀ náà á sì parí sí àdúgbò.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2004, ọmọ ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Mark Zuckerberg àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Facebook sílẹ̀ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè máa wo àwòrán ara wọn, kí wọ́n sì máa bára wọn sọ̀rọ̀. YouTube tẹ̀lé e ní ọdún 2005. Sinimá kéékèèké ni wọ́n ń gbé sí ibẹ̀. Twitter dé ní ọdún 2006, WhatsApp ní ọdún 2009. Àwọn tó ń lo Facebook kì í san owó fún un. Àwọn olówò ló ń bọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Facebook ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ láti ní ojú ìwé tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n sì sanwó kí ìpolówó wọn lè máa hàn sí ojú àwọn ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń ta aṣọ ọmọ lè sanwó kí ọjà rẹ̀ máa hàn sí òun àti irú rẹ̀. Rédíò kò lè ṣe èyí. Rédíò kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Inú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá dùn. Wọ́n rò pé rédíò mìíràn ni, tó kàn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gìtá kan ló kọ́kọ́ là wọ́n lójú.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Kánádà, Dave Carroll ni orúkọ rẹ̀. Olórin ni, gìtá ló fi ń jẹun. Gìtá ni ohun èlò orin olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2008, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ United Airlines rìn. Láti Halifax ní Kánádà ni wọ́n ti gbéra, wọ́n ń lọ ṣeré ní Omaha ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà dúró ní Chicago, kí wọ́n lè wọ òmíràn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò kan ti wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì figbe ta pé àwọn tó ń kó ẹrù ń ju gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tí Carroll ṣí àpótí gìtá rẹ̀, ó bá a ní fífọ́. Gìtá náà tó 3,500 dọ́là. Ó ná 1,200 dọ́là láti tún un ṣe.

Carroll lọ fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì rí á mọ bí ó ti rí. Ẹni yìí ní kó lọ bá tọ̀hún. Tọ̀hún ní kó lọ bá ẹlòmíràn. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án tó fi ń kọ̀wé, tó fi ń pè wọ́n lórí fóònù. Ní ìkẹyìn wọ́n sọ fún un pé kò wá fẹjọ́ sùn láàárín wákàtí 24, nítorí náà àwọn kò ní san nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ ọdún 1970 ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ọkùnrin kan ṣoṣo kò lè bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jà. Ṣùgbọ́n Carroll sọ fún òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn kẹ́yìn pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin mẹ́ta, òun yóò sì gbé wọn sí ibi tí gbogbo ayé ti lè gbọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2009, ó gbé orin àkọ́kọ́ sí YouTube. Orin ẹ̀fẹ̀ ni. Àkọlé rẹ̀ ni pé United ń fọ́ gìtá. Láàárín ọjọ́ kan, ó tó ìgbà 150,000 tí wọ́n wò ó. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé ìdajì, ó ti tó mílíọ̀nù márùn-ún.

Ìgbà yẹn ni United tó rí Carroll. Wọ́n pè é, wọ́n fẹ́ sanwó. Ó ní ó ti pẹ́ jù fún òun, kí wọ́n fi owó náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní 3,000 dọ́là. Wọ́n tún sọ pé àwọn yóò máa fi sinimá orin náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bébà kí ẹ ṣe ìṣirò náà. 1,200 dọ́là ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ̀ láti san ní àkọ́kọ́. Wọ́n wá san ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, orúkọ wọn sì ti bàjẹ́ lẹ́nu mílíọ̀nù ènìyàn.

Ẹnì kan wà tó jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Gìtá tó fọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ Taylor ló ṣe é. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fún Carroll ní gìtá méjì. Òun náà sì gbé sinimá tirẹ̀ sí YouTube, ó ń kọ́ àwọn olórin bí a ṣe ń gbé gìtá rìnrìn àjò kó má baà fọ́. Kò bú United. Kò pariwo pé ẹ wá ra gìtá mi. Ó kàn kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tó wúlò fún wọn ní ọjọ́ tí gbogbo etí ṣí sílẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìpolówó sọ pé kò sí ìpolówó tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ wa náà kò nílò ilé ìwé kó tó mọ̀ ọ́n.

Láti ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti gba àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ, kí wọ́n máa ka ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ, kí wọ́n sì máa dáhùn kíákíá. Ẹni tó ń polówó ti mọ̀ pé etí ṣe pàtàkì bí ẹnu.

Ọdún 2014 ni ohun kejì ṣẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ọjà. Ti àìsàn ni. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ALS. Ó ń pa àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara, títí tí aláìsàn kò fi ní lè rìn mọ́, tí kò ní lè jẹun, tí kò ní lè mí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan ní Amẹ́ríkà tí àrùn yìí mú, lára wọn Pete Frates tó ń gbá bọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù àti Pat Quinn, ran eré kan lọ́wọ́ láti tàn kálẹ̀ lórí Facebook. Ẹ ó da korobá omi dídì lé ara yín lórí, ẹ ó ya sinimá rẹ̀, ẹ ó sì dárúkọ ènìyàn mẹ́ta. Kí wákàtí 24 tó pé, àwọn mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ da omi lé ara wọn lórí tàbí kí wọ́n fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìwádìí àrùn náà. Ọ̀pọ̀ ló ṣe méjèèjì.

Eré ọmọdé ni lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ALS Association rí mílíọ̀nù 115 dọ́là láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó lò nínú owó náà kéde pé àwọn ti rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, tí wọ́n pè ní NEK1, tó ní ọwọ́ nínú àrùn náà. Frates kú ní ọdún 2019, Quinn kú ní ọdún 2020. A kò tíì rí oògùn tó ń wo àrùn náà sàn.

Kí ló mú kí eré náà tàn bẹ́ẹ̀? Orúkọ ni. Bí rédíò bá ní kí "gbogbo ènìyàn" wá ṣe nǹkan, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ yín bá pe orúkọ yín lójú gbogbo ẹgbẹ́, tó ní, "Ìwọ ló kàn," ojú á tì yín láti dákẹ́. Àwa tó ń dá àjọ, àwa tó ń bẹ̀ ẹgbẹ́ fún àáró oko, a mọ agbára tó wà nínú kí á dárúkọ ènìyàn.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí pé ní ọdún 2014 yẹn kan náà, ohun kan náà tó gbé omi dídì káàkiri ló gbé omi iyọ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ní àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ń ná ọjà ìhà ọ̀hún náà á rántí. Nígbà tí oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀, ìwé ìkéde kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti fóònù dé fóònù. Ó ní kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀, pé Ebola kò ní mú un. Kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì ló fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn. Ìyá ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Ọmọ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Àwọn ènìyàn jí ní òru, wọ́n wẹ̀, wọ́n mu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i díẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ka ìkéde yẹn mọ̀wé kà. Mímọ̀ọ́kà nìkan kò gbà wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹni tó mọ̀wé kà ló kà á fún un. Kí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ síwájú, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kó bi í: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìkéde omi iyọ̀ kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Ìjọba Nàìjíríà àti àwọn dókítà kan tó yọ̀ǹda ara wọn wá rí i pé ojú ọ̀nà tí irọ́ gbà ni òtítọ́ náà gbọ́dọ̀ gbà. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n sì ń sọ ọ́ lórí Facebook àti Twitter, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń lọ láti ilé dé ilé. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá ṣì gbà pé omi iyọ̀ ni oògùn, mélòó nínú wọn ni ì bá lọ sí ilé ìwòsàn?

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, WhatsApp jẹ́ kí á lè fi ohùn ẹnu ránṣẹ́. Fún àwa ará abúlé, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà lè sọ Yorùbá rẹ̀ sínú fóònù, kí oníbàárà gbọ́ ọ ní Kùtọnú. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n tún gbé irú WhatsApp kan jáde tó jẹ́ ti àwọn ọlọ́jà, níbi tí ẹ ti lè to àwòrán ọjà yín àti iye owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń ṣe gàrí ní Ṣábẹ̀. Láyé àtijọ́, alájàpá ló máa ń wá bá a nílé. Alájàpá nìkan ló mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Kùtọnú, iye tó bá sì wù ú ló máa san. Nísinsìnyí obìnrin náà lè ya àwòrán gàrí rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, kó sì gba èsì mẹ́wàá kí alájàpá tó kan ilẹ̀kùn. Èsì náà ni èrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èsì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mégà ló ń gbé e. Mégà ni òṣùwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì tà fún wa, bí ìyá aláta ṣe ń fi agolo wọn ata.

Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí àṣẹ kan. Wọ́n ní kí á máa san owó-orí 5 fráǹkì CFA lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp, Twitter àti irú wọn. Ìjọba nílò owó, wọ́n sì wò ó pé àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun wọ̀nyí ń jẹ lára wa láìsan nǹkan kan fún ìlú. 5 fráǹkì kò jọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ tún mú bébà yín. Bí àwòrán gàrí kan bá gba mégà kan, 5 fráǹkì nìyẹn. Bí ó bá fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ẹni tó fi ránṣẹ́ ń san, àwọn mẹ́wàá tó gbà á náà ń san. Ẹni tó bá lo 1,000 mégà ní oṣù kan á san 5,000 fráǹkì lé orí iye tó ti ń san tẹ́lẹ̀. Owó gàrí mélòó nìyẹn?

Àwọn ọ̀dọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń kọ̀ròyìn lórí ayélujára bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Wọn kò lówó tí wọn yóò fi ra àkókò lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan, wọ́n fi àmì kan sí iwájú rẹ̀. Àmì náà rí báyìí: #. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà tó ní àmì yìí níwájú, ẹ̀rọ á kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ jọ sí ojú kan. Ó dà bí aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ẹ ti mọ ẹgbẹ́ tó wà. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: #TaxePasMesMo. Èdè Faransé ni, ó túmọ̀ sí "Má gba owó-orí lórí mégà mi". "Mo" ni àwọn Faransé fi ń gé mégà kúrú. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èdè wa kà, ẹ má kà á sí "mo" inú "mo jẹun" o. Síbẹ̀, bí ẹ bá kà á bẹ́ẹ̀, kò jìnnà sí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.)

Ìpolongo náà tàn ní Kùtọnú, ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó wà ní Faransé. Àwọn ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ayélujára. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, owó-orí náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra mégà lọ́jọ́ náà rí i pé ó ti wọ́n. Àwọn tí kò tíì gbọ́ tẹ́lẹ̀ wá gbọ́ nínú àpò ara wọn. Ariwo náà wá di ìlọ́po. Ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ìjọba kéde pé àwọn ti fagi lé owó-orí náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan sọ pé fóònù ló ṣẹ́gun. Mi ò ní sọ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù náà wà níbẹ̀, ìjọba sì bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni irú ariwo yẹn ti ń jẹ́. Ní Ùgáńdà, láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2018, ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo irú àwọn ojúde yìí san 200 ṣílè wọn lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn pariwo níbẹ̀ náà, wọ́n tilẹ̀ jáde sí ìgboro. Wọ́n san án títí di ọdún 2021, nígbà tí ìjọba fi owó-orí mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ti wa ni pé ìjọba sọ̀rọ̀ bí asọ̀rọ̀mágbèsì, èsì sì dé bá a ní ọ̀nà tó fẹ́ gba owó-orí lé lórí gan-an.

Ẹ tún mọ̀ pé èsì náà ní òfin tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ìwé òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára. Ìjìyà wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fi ẹ̀rọ tan ìròyìn èké kálẹ̀ tàbí tó bá fi í yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ohun tí ẹ bá sọ lábẹ́ igi lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí ẹ bá kọ sí Facebook, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, wákàtí wà lórí rẹ̀, orúkọ yín wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ayé pé gàrí lágbájá ní yẹ̀pẹ̀ nínú, kó rí i dájú pé òun rí yẹ̀pẹ̀ náà.

Ohun kan ló kù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ tí a dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. WhatsApp kò ṣiṣẹ́, Facebook kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ọjà láti polówó lọ́jọ́ náà padà sí ẹnu ara rẹ̀. Àwọn fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, iná wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde, èsì kò wọlé, títí íntánẹ́ẹ̀tì fi padà dé.